Aṣọ́nà tí Mo Ní Mo Fi sí Ìgèdè

Òórùn eruku tó gbóná lára wáyà ni mo fi ń rántí yàrá kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn wa ní àdúgbò Adébáyọ̀ ní Adó, àfi bí mo bá ti da òórùn ibòmíràn pọ̀ mọ́ ọn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ní kí n fi ètò aṣọ́nà sórí sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí ń tọ́jú àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn, ní ẹ̀ka wa mẹ́sẹ̀ẹ̀sàn-án. Iṣẹ́ aṣọ́nà náà ni láti ké sí wa bí ẹ̀rọ kan bá fẹ́ kú. Ọkọ̀ ni mo ń wọ̀ lọ, Ìyìn lónìí, Ìgèdè lọ́la, bí mo bá sì ti ṣe tán, mo ń fàmì sínú ìwé mi.

Ọ̀gá wa, obìnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, wo ìwé náà, ó rẹ́rìn-ín. "Àbúrò, ṣé o ti rí ìyàwó lójú ọ̀nà Ìyìn ni?" Ó jókòó, ó sì kọ gbogbo ohun tí mo ń fọwọ́ ṣe sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bí àṣẹ tí kọ̀ǹpútà yóò máa tẹ̀ lé: kí ó wò bóyá aṣọ́nà wà ní ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, bí kò bá sí, kí ó fi síbẹ̀. Ó tẹ bọ́tìnì kan. Ọ̀rẹ́ mi, orúkọ àwọn ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lójú ẹ̀rọ, wọ́n ń di àwọ̀ ewé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìrìn tí ì bá gbà mí lọ́sẹ̀ mẹ́ta parí kí tíì mi tó tutù. Ẹnu yà mí débi pé n kò lè pa á dé.

Ìgèdè nìkan ni ó yọ ní pupa. Kò sí aṣọ́nà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibẹ̀ sì ti ń ké pé ẹ̀rọ náà ń bàjẹ́ lọ.

"Mo fi síbẹ̀, mà. Àmì rẹ̀ nìyí."

"Èmi ò bi ọ́ ní àmì. Kí lo ṣe níbẹ̀?"

Nígbà náà ni mo rántí, tàbí mo rò pé mo rántí. Iṣẹ́ kò tíì dé ìdajì tí wọ́n fi mú iná lọ. Nọ́ọ̀sì àgbà ibẹ̀ ní, "Wá jẹ uyán, iná á dé." Nígbà tí iná dé, mo ti jẹ iyán yó, ẹ̀rọ tún tàn, mo fàmì síwèé, mo wọkọ̀ padà sí Adó.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, a ti ṣe ẹ̀dà àkọsílẹ̀ gbogbo aláìsàn àti aboyún Ìgèdè sọ́dọ̀ wa. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, nọ́ọ̀sì náà pè wá: ẹ̀rọ náà kò tàn mọ́.

Èmi tí mo máa ń ṣiyèméjì lórí ohun gbogbo, ọjọ́ tó yẹ kí n ṣiyèméjì gan-an ni n kò ṣe é. Àṣẹ ìlà díẹ̀ yẹn kò gba ìwé mi gbọ́. Ó lọ kanlẹ̀kùn, ó sì wo inú ilé fúnra rẹ̀. Láti ìgbà náà, iyèméjì mi kì í tì mí lójú mọ́.