Àwòrán Àkàndé

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí iṣẹ́ mi kò ju kí n pọnmi kí n sì lé ewúrẹ́ kúrò nídìí èlùbọ́ lọ, kò sí ọmọ nínú agbo ilé wa ní Aké tí kò mọ bí a ti ń kí àgbà. Baba wa kì í fi ìyẹn ṣeré. Bí ó bá ti oko dé, tí ó ní "Ẹ kú ilé o," ohun yòówù kó wà lọ́wọ́ ẹni, sísọ ọ́ sílẹ̀ ni. Èmi a kúnlẹ̀, Àkàndé ẹ̀gbọ́n mi a dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ ò lè gbàgbé irú àwọn baba bẹ́ẹ̀. Mo jẹ pàṣán lọ́jọ́ kan nítorí pé ẹ̀kọ wà lẹ́nu mi tí mo fi kí i. "Ẹni tí kò kí ni kú àbọ̀, ó pàdánù ẹ kú ilé," ni baba máa ń wí, kí pàṣán tó tẹ̀lé e.

Nínú agbo ilé kan náà ni Bàbá Sàró wà, ẹ̀gbọ́n ìyá mi. Wọ́n kó o lẹ́rú ní kékeré, Sàró ló dàgbà sí, ó sì gbé àpótí àwòrán kan bọ̀ wá sílé. Orí dígí ló ń ya àwòrán sí. Ìka rẹ̀ dúdú bí ti aláró nítorí oògùn tó ń dà sórí dígí náà, òórùn oògùn yẹn sì lè mú ewúrẹ́ sín. Àwọn ọlọ́lá fẹ́ kí ó ya àwọn lórí àga. Ohun tó wu òun fúnra rẹ̀ ni odó, ìkòkò aró, obìnrin tó ń fẹ́ àgbàdo. Àwọn ará ilé a máa fi í rẹ́rìn-ín: "Ṣé odó lẹ wá ń fi dígí òkè òkun yà?" Òun a ní, "Odó ò ní pẹ́ là. Ẹni tó ń gúnyán nínú rẹ̀ náà ò ní pẹ́ lọ."

Nígbà tó yá, ogun dé, ọ̀nà Èkó dí, ọkọ̀ ẹlẹ́rù kò gba odò Ògùn wá mọ́. Iyọ̀ gan-an di ohun tí à ń fi ahọ́n kàn. Lọ́jọ́ tí wọ́n ní kí àwọn ọ̀dọ́kùnrin àdúgbò wa múra, pé ilẹ̀ ò ní mọ́ bá wọn nílé, dígí kan ṣoṣo ló kù lọ́wọ́ Bàbá Sàró. Ìyá mi lọ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ya Àkàndé. Ojú rẹ̀ ni mo fẹ́. Bí kò bá bọ̀, kí n ṣáà máa rí ojú rẹ̀."

Bàbá Sàró wo dígí, ó wo oòrùn. "Àbẹ̀kẹ́, ọ̀kan péré ni. Bí ó bá mira, ó bàjẹ́ nìyẹn."

Ọyẹ́ ń fẹ́ lọ́jọ́ náà, oògùn orí dígí kò sì gbọdọ̀ gbẹ kí àwòrán tó jáde. Èmi ni mo fi aṣọ funfun sẹ́ omi tí ó fẹ́ lò. Àkàndé dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ odó nínú ẹ̀wù ogun rẹ̀. Bàbá Sàró ṣí ojú àpótí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn orin ìjọ kan lábẹ́nu, nítorí orin ló fi ń díwọ̀n: bí ẹsẹ kan bá parí, àwòrán ti parí. Ìyá mi fọwọ́ bo àbúrò mi lẹ́nu. Mo ń wo ìpéǹpéjú Àkàndé. Orin náà kò tíì dé ìdajì tí a fi gbọ́ ohùn lẹ́yìn wa.

"Ẹ kú ilé o."

Baba ni, ó ń ti oko bọ̀, iṣu lórí, kò sì mọ ohun tó ń lọ. Mo rí i tí ọrùn ẹ̀gbọ́n mi le. Mo ń bẹ Ọlọ́run pé kó má dáhùn. Kí Bàbá Sàró tó lanu, àyà Àkàndé ti kan ilẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, bàbá."

Ẹ má bi mí léèrè, èmi náà ti kúnlẹ̀.

Nígbà tí dígí náà jáde nínú omi, odó hàn kedere, àní títí dé ibi tó sán. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìkùukùu funfun kan tẹ̀ wálẹ̀. Ìyá mi gbà á, ó wò ó, ó yí i padà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀.

"Ojú rẹ̀ dà?"

Baba jókòó sórí odó, iṣu ṣì wà nílẹ̀ níbi tó dà á sí. Ó ní, "Kí ló dé tí o kí mi?"

Àkàndé rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi."

Ó lọ kí àkùkọ tó kọ. Kò padà wá, a kò sì rí òkú rẹ̀ sin. Ìyá mi kì í fẹ́ rí dígí náà sójú. Inú bí i sí baba fún ìgbà pípẹ́, inú bí èmi náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a mọ̀ pé kò mọ̀ọ́mọ̀. Baba ló gbé dígí náà kọ́ sí ìdojúkọ ẹnu ọ̀nà. Láti ọjọ́ náà, bí ó bá ti oko dé, ó máa ń ní, "Kú ilé o, Àkàndé," a dúró díẹ̀, kí ó tó sọ ẹrù kalẹ̀.

Bàbá Sàró kọ́ mi níṣẹ́ kí ó tó lọ. Lónìí, ọkọ̀ ojú irin ló ń kó fíìmù wá fún mi láti Èkó. Àpótí tí mo ń lò kò tóbi ju Bíbélì lọ, kí ènìyàn tó ṣẹ́jú ó ti mú un. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń kí àgbà lórí ìdúró, wọ́n á fọwọ́ kan orúnkún, ó parí, kò sì sí pàṣán fún ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀, bí ọwọ́ mi bá dilẹ̀, mo máa ń gbé àpótí mi yípo Aké, mo ń wá ẹni tó ṣì ń dọ̀bálẹ̀ kí baba rẹ̀. Wọn ò ní láti dúró jẹ́ẹ́ fún mi. Mo ti yà wọ́n lóko, mo yà wọ́n lọ́jà, mo yà wọ́n lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ojú gbogbo wọn ló sì hàn kedere. Ojú Àkàndé ni mi ò rántí mọ́.