Ìwé Àbùùbùtán Tí Àǹtí Fi Wé Àkàrà

Ọjọ́ tí Àǹtí Rẹ̀mí fi ìwé mi wé àkàrà ni ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé. Àìsàn dá Bọ́lá àbúrò mi dùbúlẹ̀ nílé Àǹtí ní Pápá Àjàó, mo sì ń ka ìtàn àwọn ọmọ tó bá ọkọ̀ lọ ṣọdẹ àbùùbùtán lójú òkun fún un. A dé ibi tí ẹja náà fi ìrù dojú ọkọ̀ wọn délẹ̀, tí ọmọbìnrin kan já sómi. Mo sáré lọ pọnmi. Kí n tó dé, Àǹtí ti ya ìyókù ìwé, ó ti fi wé àkàrà fún oníbàárà.

“Ṣé ìwé ni yóò wo àbúrò ẹ sàn?” ó ní.

Bọ́lá di ọwọ́ mi mú. “Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ọmọ yẹn yè?”

Mo ní n kò mọ̀. Ǹ bá mọ ohun tó ń bọ̀, ǹ bá parọ́ fún un pé ó yè. Bọ́lá kú lọ́jọ́ kejì, títí di òní ni mo sì ń gbọ́ ohùn rẹ̀.

Ojú Àǹtí ti fọ́ báyìí, ọ̀dọ̀ mi ló wà. Mo rí irú ìwé náà rà ní Yábàá, mo sì ń kà á fún un. Ibi tí Bọ́lá gbọ́ dé ni mo máa ń pa á dé.

“Ṣé ọmọ yẹn yè?” ni yóò bi mí.

Èmi náà á ní, “Ẹ ó bi Bọ́lá, tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.”