Bọ́ọ̀sì Aláwọ̀ Ewé Tó Gbé Yèyé Lọ Wo Òkun

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, aládùúgbò wa kan tó ti ìrìn-àjò dé fún mi ní edé gbígbẹ tó wé sínú bébà. Bí mo ṣe tú u nílé ìdáná, òórùn rẹ̀ gba gbogbo ilé kan. Àwọn ọmọ mi dí imú, wọ́n ń sá kiri bí ẹni pé eku kú sábẹ́ àga. Èmi ní tèmi, ńṣe ni mo fà á símú bí ẹni tó ń gbóòórùn ọmọ tuntun. "Màámi, kí ló dé?" ni àgbà inú wọn bi mí. Mo ní kí wọ́n jókòó. Ohun tí mo sọ fún wọn lọ́jọ́ náà ni mo kọ sílẹ̀ yìí.

Ùsì-Èkìtì ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, láwọn ọdún tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé, tó jẹ́ pé ẹni tó bá ní in ní láti gun orí òkúta kó tó lè gbọ́ ohùn ará Èkó. Àwa márùn-ún là ń gbé inú ilé: bàbá mi, tó ń kọ́ àwọn ọmọ níṣẹ́ igi àti irin nílé ẹ̀kọ́ girama, ìyá mi, aránṣọ, Bùsọ́lá ẹ̀gbọ́n mi, èmi, àti Yèyé, ìyá tó bí bàbá mi. Yèyé ló ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ṣọ́ọ̀ṣì wa láràárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi. Kò sí ẹni tó lè sọ ìtàn òkun tó pín sí méjì bíi tirẹ̀. Á ká aṣọ rẹ̀ sókè bí ẹni tó ń la omi kọjá, á wo ọ̀tún, á wo òsì, àwa náà á sì ká ẹsẹ̀ wa sórí bẹ́ǹṣì kí omi má bàa tó wa.

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí lọ́jọ́ tí mo ba nǹkan jẹ́. Mo nawọ́ sókè, mo ní, "Yèyé, báwo ni òkun ṣe tóbi tó? Ṣé ẹ ti rí i rí?" Yèyé wo ìwé ọwọ́ rẹ̀, ó wo fèrèsé, ó ní, "Rárá, ọmọ mi. Mi ò rí i rí."

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà kò lè jẹ iyán rẹ̀ tán. Ó sọ fún bàbá mi pé ọjọ́ pẹ́ tí òun ti ń fi ẹnu la òkun kọjá, ojú sì ń ti òun. "Kí n kú láìrí i kọ́ ló ń dùn mí," ó ní. "Kí n máa sọ ọ́ bí ẹni tó rí i ló ń dùn mí." Mo sá lọ sẹ́yìn ilé, mo lọ sunkún, torí mo rò pé mo ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Yèyé.

Bàbá mi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Àmọ́ kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ó ti ra bọ́ọ̀sì àtijọ́ kan tí ṣọ́ọ̀ṣì pa tì sábẹ́ igi máńgòrò, tí adìyẹ ń yé ẹyin sórí ìjókòó rẹ̀. Oṣù mẹ́rin ló fi tún un ṣe. Ó yọ ìjókòó ẹ̀yìn, ó kan bẹ́ẹ̀dì pákó méjì, ọ̀kan lórí èkejì. Ó ṣe pẹpẹ fún sítóòfù àti ìkòkò, ó so kẹ́ẹ̀gì omi mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Ìyá mi rán kọ́tìnnì olódòdó sí gbogbo fèrèsé. Bùsọ́lá àti èmi la kùn ún ní ọ̀dà aláwọ̀ ewé, ìdajì ọ̀dà náà sì wà lórí irun wa. Nígbà tí Yèyé rí i, ó pàtẹ́wọ́, ó fi èdè Èkìtì wa kígbe: "Ulé rèé! Ulé tó lẹ́sẹ̀!"

Gbogbo àdúgbò ló wá wò ó, ọ̀pọ̀ sì fi ṣẹ̀rín. Èyí tó le jù nínú wọn ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó ń gbé ní Ìkọ̀lé, tí a ń pè ní Bàbá Ìkọ̀lé. Ó yí bọ́ọ̀sì náà po lẹ́ẹ̀mẹta, ó fi ẹsẹ̀ ta táyà rẹ̀. "Àbúrò," ó ní, "àwọn ẹgbẹ́ rẹ ń kọ́ ilé sórí ilẹ̀, ìwọ ń kọ́ tìrẹ sórí táyà. Bí èyí bá kọjá Ìfàkì, kí ẹ wá pè mí." Ẹni tó bá mọ ọ̀nà wa mọ̀ pé Ìfàkì kò jìnnà sí Ùsì rárá. Bàbá mi kàn ń nu ọwọ́ rẹ̀ ni.

Nígbà ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ, nínú oṣù kẹjọ, a gbéra. Ohun tó yà wá lẹ́nu ni pé bàbá mi kò kọrí sọ́nà òkun. A kọjá Ìfàkì, ó yà sí ọ̀nà Ọyẹ́. A jẹun ọ̀sán lábẹ́ igi ní Ayégbajú, níbi tí Yèyé ti kí ẹbí ìyá rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan títí oòrùn fi yẹ̀ lórí. Ìrọ̀lẹ́ la dé Ìkọ̀lé. Bàbá mi dúró síwájú ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó fọn fèrè ọkọ̀. "Ẹ̀gbọ́n, a ti kọjá Ìfàkì," ó ní. "Ẹ ní ká wá pè yín." Bàbá Ìkọ̀lé rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Síbẹ̀ ó ní, "Òkun ṣì jìnnà o."

Lọ́jọ́ kejì la tó yí padà. A kò kánjú. Ọlọ́kadà tó di iṣu rù ń yà wá sílẹ̀, á sì juwọ́ sí wa bí ẹni ń kí aláìsàn. Ìlú tó bá wù wá là ń dúró sí: ní Ìkẹ́rẹ́, níbi tí àwọn òkúta ńlá dúró bí àgbà tó ń gbọ́ ẹjọ́, ní Oǹdó, níbi tí òórùn kòkó tí wọ́n sá ti ń bá wa jí. Yèyé máa ń gbé àga rẹ̀ síta, á jókòó, á máa kí gbogbo ẹni tó ń lọ lójú ọ̀nà. Kì í pẹ́ tí ẹnìkan á fi mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí ọsàn wá fún un.

Lórí òkè kan, lẹ́yìn tá a kọjá Oǹdó, páìpù omi ẹ́ńjìnnì bẹ́. Èéfín bo iwájú ọkọ̀, ìyá mi sì bọ́ sílẹ̀ kíá, ó fi òkúta há táyà ẹ̀yìn. Bàbá mi wo inú ẹ́ńjìnnì, ó jókòó sórí koríko, ó di orí mú. Mi ò rí i bẹ́ẹ̀ rí. Ìyá mi tan sítóòfù, ó gbé iṣu kaná, ó sì se ọbẹ̀. Awakọ̀ kan tó ń kó pákó kọjá gbóòórùn ọbẹ̀, ó dúró. Ó jẹun yó, ó gé rọ́bà lára tíúbù táyà rẹ̀ àtijọ́, òun àti bàbá mi sì fi wé páìpù náà títí omi fi dẹ́kun jíjò. "Bàbá Bùsọ́lá," ni ìyá mi wí, "ẹ dìde ká lọ. Ọbẹ̀ mi ti ṣiṣẹ́ mẹkáníìkì."

Ní Igbókòdá, nílẹ̀ Ìlàjẹ, ọ̀nà tán. Ọkọ̀ ojú omi ló kù. Yèyé wo bó ṣe ń mì, ó wo orúnkún rẹ̀ tó ń dùn ún, ó padà sínú bọ́ọ̀sì. "Ibi tí mo dé yìí tó," ó ní. Mo wọlé tọ̀ ọ́. Ẹ̀rù ń bà mí, ṣùgbọ́n mo ní, "Yèyé, àwọn tó la òkun kọjá nínú ìtàn yín, ṣé ẹ̀rù ò bà wọ́n ni?"

"Ó bà wọ́n," ó ní. "Wọ́n bẹ̀rù gan-an."

"Wọ́n sì lọ?"

"Ọmọ yìí fẹ́ pa mí o!" ni Yèyé pariwo. Ó so gèlè rẹ̀ le, ó ní kí wọ́n mú ọ̀pá òun wá. Obìnrin Ìlàjẹ tó ń tu ọkọ̀ náà, tó kó apẹ̀rẹ̀ edé síwájú, na ọwọ́ sí i: "Ẹ wá, Ìyá. Omi yìí mọ̀ mí." Yèyé di ọwọ́ náà mú, kò sì jọ̀wọ́ rẹ̀ títí a fi dé òdìkejì.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe rí òkun. Kò ní òpin. Yèyé dúró lórí iyanrìn, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ bí a ṣe ń kí àgbà, ó ní, "Òkun, ẹ kú ìjókòó o. Èmi ọmọ Ùsì ni." Ìgbì kan dé, ó gba orúnkún rẹ̀, afẹ́fẹ́ sì ṣí gèlè rẹ̀ gbé lọ. Ẹ̀rù bà wá, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ni Yèyé ń rín. Ó fi ìka kan omi náà, ó lá a. "Uyọ̀ mà ni!" ó kígbe. "Uyọ̀ ni gbogbo rẹ̀!" Ó jó nínú omi náà láìbo orí, obìnrin Ìlàjẹ yẹn ń pàtẹ́wọ́ fún un. Bàbá mi yíjú sẹ́yìn, ó ń nu ojú. Ó ní iyanrìn ni.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tá a padà dé, àwọn ọmọ kún kíláàsì títí dé ojú fèrèsé. Yèyé pa ìwé rẹ̀ dé. Wákàtí kan gbáko ló fi sọ̀rọ̀, kò sí ẹni tó sún kúrò níbi tó wà. Bàbá Ìkọ̀lé pàápàá wá láti Ìkọ̀lé. Ó lọ jókòó nínú bọ́ọ̀sì náà, ó fọwọ́ pa kọ́tìnnì, ó wá rọra béèrè pé, "Nígbà wo lẹ tún ń lọ?"

Ó ti pẹ́ tí Yèyé ti lọ sinmi lọ́dọ̀ Olúwa. Bọ́ọ̀sì náà ti di irin títà. Wọ́n ní òkun ti jẹ ọ̀pọ̀ ilé nínú ìlú etí òkun tá a dé nígbà náà, ó sì ń dùn mí. Àwọn ará ilé wa tó wà l'Ékòó àti Ìbàdàn ń sáré wálé lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n sì ń sáré padà lọ́jọ́ Ìsinmi, wọn kì í mọ ohun tó wà láàárín ọ̀nà. Ṣùgbọ́n àwọn òkè wa ò kúrò níbi tí wọ́n wà, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará ìlú ò sì gbàgbé bí wọ́n ṣe ń fún àlejò ní ọsàn.

Nínú ìsinmi Kérésìmesì tó lọ, mo fi ọkọ̀ kékeré mi gbé àwọn ọmọ mi láti Ìdó, nítòsí Ùsì, dé Ìkọ̀lé. Mo dúró ní gbogbo ìlú. Ìrìn tí kò gbà ju wákàtí díẹ̀ lọ gba odidi ọjọ́ kan lọ́wọ́ wa. Wọ́n kùn títí a fi dé Ọyẹ́. Nígbà tá a kúrò ní Ayégbajú, tí ẹnu gbogbo wọn kún fún ẹ̀pà, àbíkẹ́yìn mi na ọrùn wo iwájú. "Màámi," ó ní, "ṣé ìlú mìíràn ṣì wà níwájú?"

"Ó wà," ni mo wí. "Ó pọ̀."