Ihò Ẹ̀yìnkùlé Wa ní Ikpoba Hill

Iṣẹ́ mi ni kí n máa wo àwòrán ilẹ̀ tí wọ́n yà láti ojú ọ̀run, kí n sì fi àmì sí àfonífojì odò tí àwọn ará àtijọ́ ti wa wúrà. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe é, mo sì mọ̀ ọ́n dáadáa. Ìdí nìyẹn tí lánlọ́ọ̀dù wa ní Ikpoba Hill fi mú mi lọ sí ẹ̀yìnkùlé lọ́jọ́ kan. Ó fi pijin sọ fún mi pé àwọn baba ńlá àwọn ló wa wúrà nínú ihò ràgàjì tó wà níbẹ̀, lókè odò tó ń ṣàn lẹ́yìn ilé. Mo wo àwòrán ibẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, mo ní ó jọ bẹ́ẹ̀. Inú rẹ̀ dùn. Ó ní ihò tí ènìyàn gbẹ́ kì í fẹ̀ sí i, òun á kọ́ ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta sí etí rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ yẹn ni ìyá mi wá kí wa láti Iléṣà. Nígbà tó wà ní ọmọdé, òun àti ìyá tirẹ̀ ló ń fi igbá fọ yanrìn odò láti wá wúrà. Ó rọra sọ̀ kalẹ̀ sínú ihò náà, ó wò yíká.

“Òkúta tí wọ́n ṣà jọ dà?”

“Òkúta wo, Màámi?”

“Ẹni tó ń wa wúrà á kó òkúta sí ẹ̀gbẹ́ kan, á la ọ̀nà omi wọ inú kòtò kí omi lè gbá yẹ̀pẹ̀ lọ. Èwo lo rí níbí?”

Mi ò rí ìkankan. Yanrìn pupa lásán ni. Orí ihò náà tẹ̀ bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé. Ilẹ̀ tó ya wálẹ̀ ṣì wà ní gegele nísàlẹ̀ tòun ti koríko rẹ̀, àwọn igi orí rẹ̀ sì ti fì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ojú tì mí díẹ̀, ṣùgbọ́n mo lọ bá lánlọ́ọ̀dù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

“Bàbá, ẹ má bínú, mo ṣì í. Ìyá mi ló là mí lójú. Ilẹ̀ yìí ló ya fúnra rẹ̀, á sì tún ya.”

Ó fajú ro. “Màdáámù, ṣebí ẹ̀yin náà lẹ ní wọ́n wa wúrà níbẹ̀?”

“Ẹ jẹ́ ká dán an wò, sà.”

A kan èèkàn mẹ́wàá mọ́ etí ihò náà, wọ́n tò gbọọrọ, a sì ta okùn mọ́ wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Òjò rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Nígbà tí a padà débẹ̀, èèkàn mẹ́rin àárín ti sún lọ sísàlẹ̀, okùn ti já. Lánlọ́ọ̀dù wò ó títí, ó mí kanlẹ̀, ó ní kí n bá òun kí ìyá mi. Iwájú ilé, létí títì, ló kọ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sí. Ó gbin ọparun sí etí ihò kí gbòǹgbò rẹ̀ lè di ilẹ̀ mú.

Èmi náà padà sí ọ́fíìsì, mo tú àwọn àwòrán àtijọ́ yẹ̀ wò, mo ń wá òkìtì òkúta àti ọ̀nà omi. Mo pa àmì mẹ́ta rẹ́ níbi tí mi ò ti rí wọn. Nígbà tí ọ̀gá mi béèrè ìdí, mo fa àga fún un, mo sì ṣàlàyé lọ́kọ̀ọ̀kan láìmikàn.