Àpá Ara Lẹbẹ

Ìyìn ni fún àpá ara lẹbẹ. Ilà ojú kò tó o lẹ́wà, oyè ìdílé kò tó o níyì. Láàárín àwa díẹ̀ tí à ń dúró lórí pátákó, tí à ń fi àjẹ̀ wà á lórí omi Apapa nígbà yẹn, ẹni tí lẹbẹ rẹ̀ bá ṣì ń dán, ọmọdé ni, bó ti wù kí irùngbọ̀n rẹ̀ funfun tó. Lẹbẹ ni ike pẹlẹbẹ bíi ti ẹja tí wọ́n ń kì bọ ihò lábẹ́ pátákó kó má baà máa yà bàrà. Bí àpá bá pọ̀ lára rẹ̀, a jẹ́ pé ìgbì ti gbé ẹni tó ni ín lu iyanrìn títí, kò sì kú. Àwọn kan máa ń yọ ọ́ dání lọ síbi tí omi kò sí rárá.

Òórùn ṣọ́ọ̀bù kan ṣì wà nímú mi: epo dísù, rọ́bà àtijọ́, àti ìyẹ̀fun tí atẹ́gùn ń gbé bọ̀ láti ilé-iṣẹ́ kan létí omi. Ẹrù tòkunbọ̀ ni wọ́n ń tà níbẹ̀, lẹ́yìn géètì èbúté: fíríìjì, kẹ̀kẹ́, àti lọ́jọ́ Ọjọ́rú yẹn, pátákó méjì. Mo fẹ́ ra ọ̀kan. Akọ̀wé ni mí nílé-iṣẹ́ ọkọ̀ òkun, Ajégúnlẹ̀ ni mò ń gbé, mo ti jáde yunifásítì, ìlúwẹ̀ẹ́ mi kò sì ju kí n má tètè rì lọ. Orí ọ̀sà tó dákẹ́ ni mo ti ń dúró, lórí pátákó àyálò. Ní Sátidé, a ó lọ sí Tákwá Bay, níbi tí ìgbì gidi wà.

Ẹni tó mú mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù náà jẹ́ ejẹ́ntì tó ń bá èèyàn gba ẹrù jáde ní pọ́ọ̀tù. Ẹ̀gbọ́n ni gbogbo wa ń pè é. Pátákó tirẹ̀ ti ṣẹ́. Ó ní ìgbì ló ṣẹ́ ẹ. Èyí tí mo bá fi sílẹ̀ ni òun yóò mú.

Ọ̀kan gùn, ó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn, lẹbẹ ńlá kan ṣoṣo ló ní, tó ń dán bíi dígí. Èkejì kúrú, ẹnu rẹ̀ ṣóńṣó, lẹbẹ kéékèèké mẹ́ta ló wà lábẹ́ rẹ̀.

“Kúkúrú yìí ni kó o mú,” Ẹ̀gbọ́n ní. “Bí ìgbì bá ga tó fẹ́ wó lójijì, lẹbẹ mẹ́ta á di omi mú, á sì yà bó o bá ní kó yà. Gbọọrọ yẹn, ìgbì jẹ́jẹ́ ló wà fún. Ti àwọn bàbá tó ti fẹ̀yìn tì.”

Ọ̀rọ̀ náà mọ́gbọ́n dání. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò lára gbọọrọ. Ó ń fọwọ́ pa á lára bí ẹni ń pa àgbò iléyá lára. Mo bi ara mi pé kí ni akínkanjú fẹ́ fi pátákó àwọn bàbá ṣe.

Ó rí iyèméjì lójú mi, ó sì yọ lẹbẹ rẹ̀ àtijọ́ jáde lápò. “Wò ó dáadáa. Ṣé ti ẹni tó ń purọ́ nìyí?”

Mo wò ó dáadáa. Àpá bò ó láti ṣóńṣó títí dé ìdí. Ìdí yẹn ló sì kọ mí lóminú, torí inú ihò ló máa ń wà, níbi tí iyanrìn kankan kò lè dé. Eruku aláwọ̀ eérú sì há sínú àwọn àpá náà, irú èyí tó máa ń bo bàtà àwọn bíríkìlà.

A kì í sọ fún àgbà pé irọ́ ló ń pa. Mo tẹrí ba. “Ẹ̀gbọ́n, omi ti mọ̀ yín. Ẹ̀yin ni kúkúrú yẹ. Ẹ jẹ́ kí èmi ojo mú ti àwọn bàbá.”

“Òótọ́ ló sọ,” ọlọ́jà tó ni ṣọ́ọ̀bù náà ní, ó ń rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀yin lọ̀gá omi.”

Ẹ̀gbọ́n sanwó kúkúrú, ó gbé e. Ó ń wo gbọọrọ bí ẹni ń wo ọkọ̀ tó já a jù sílẹ̀.

Ìgbì Sátidé kò ṣe àwàdà. Mo kúnlẹ̀ lórí pátákó mi, ó sì ń gun ìgbì bí arúgbó tó ń gun àtẹ̀gùn: ó ń kùn, ṣùgbọ́n ó ń dé òkè. Ẹ̀gbọ́n nàró níwájú mi lẹ́ẹ̀kan péré. Kúkúrú yọ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ìgbì gbé e lọ sétí òkun, Ẹ̀gbọ́n sì wọ omi. Orí rẹ̀ kò jáde. Ìgbà yẹn ni ọgbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ sí í rùn sí mi. Mo ti mọ̀ pé ọkùnrin yìí kò mọ ìgbì, mo sì fi ẹnu dídùn tì í sínú rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ọwọ́ kan di ìdí pátákó mi mú.

Ó wúkọ́, ó pọ omi jáde. “Má sọ fún wọn,” ó ní. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ lẹ́nu rẹ̀ tí n kò fura sí nìyẹn. Àwa méjèèjì nà gbalaja sórí pátákó àwọn bàbá bí àpò ìrẹsì, a sì sọ̀ kalẹ̀ níbi tí omi ti mu wá dé ìbàdí.

Lórí iyanrìn, ó dojú pátákó mi délẹ̀ láti bá mi tú lẹbẹ. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí àwọn àpá tó bò ó.

“Ní Ọjọ́rú, ó ń dán.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Ẹ̀gbọ́n.”

“A ò sì jẹ́ kó kan iyanrìn lónìí.”

Ó fa lẹbẹ náà yọ, ó wo ìdí rẹ̀. Ó mọ́ tónítóní. Ó mi orí bí ọ̀gá tí ọmọṣẹ́ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fúrídọ̀mù, ó sì dá a padà fún mi.

Ọ̀rẹ́, mo máa ń rò pé ìfura ń gbani lọ́wọ́ irọ́. Tèmi kàn kọ́ mi bí n ó ṣe pa tèmi dáadáa ni. Ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ tó ṣáájú, lẹ́bàá kànga ẹ̀yìnkùlé wa l'Ájégúnlẹ̀, mo mú àfọ́kù búlọ́ọ̀kù kan. N kò yọ lẹbẹ kúrò nínú ihò rẹ̀. Ìyá onílé gbọ́ ariwo láti ilé ìdáná, wọ́n bi mí bóyá ẹja ni mò ń ha ìpẹ́ rẹ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà.

Èmi náà ha tèmi.