Àálè Tí Mo Sun

Òórùn ẹyìn tó ń rọ̀ ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ kejì tá a dé oko. Àwa tá a wọ rélùwéè láti Èbúté Mẹ́ta wá sí Ẹdẹ, èéfín èédú la mọ̀. Káfíńtà rélùwéè ni bàbá mi kí àyà tó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n, tí wọ́n ní kí wọ́n máa lọ sílé. Ẹ̀gbọ́n wọn wá ilẹ̀ díẹ̀ fún wa lọ́nà Ara, ó sì kìlọ̀ fún wọn níṣojú wa: "Má bá àwọn ará ibẹ̀ jà o. Ọjọ́ tí wọ́n bá ní àwọn ò fẹ́ ọ, n kò ní ilẹ̀ mìíràn."

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí, n kò sì bẹ̀rù iwin tó bí mo ṣe bẹ̀rù wolé-wolé. L'Èkó, bó bá wọ àgbàlá tó rí pàǹtí, ọ̀rọ̀ di ti kóòtù nìyẹn. Ìyá mi a máa sọ pé, "Ilẹ̀ tó mọ́ kì í dójú ti onílé."

Nítorí náà, kí àwọn òbí mi tó jí, mo ti mú ìgbálẹ̀. Lẹ́yìn ahéré wa, ẹnì kan kó ẹyìn jọ gègèrè, ó wá so ìdọ̀tí kọ́ igi sórí rẹ̀: àjákù ìgbálẹ̀, ṣùkù àgbàdo, ìkarahun ìgbín, àkísà pupa. Bí wolé-wolé bá dé ńkọ́? Mo já gbogbo rẹ̀, mo dáná sun ún, mo sì dúró kí wọ́n wá yìn mí.

Ìyá àgbà kan ló dé, opó tí oko rẹ̀ bá tiwa pààlà. Wọ́n wo ẹyìn wọn, wọ́n wo eérú, wọ́n figbe ta. "Ta ló já àálè mi o? Ẹ gbà mí o!"

Kí n tó ṣẹ́jú, àwọn ọkùnrin ti yọ láti inú oko, tàdátàdá. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé àálè ni ohun tí mo sun: àmì pé ẹyìn yìí lólúwa, àti èpè fún ẹni tó bá fọwọ́ kàn án. Wọ́n ní olè nìkan ló ń já àálè. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Kí wọ́n padà síbi tí wọ́n ti wá. A ò fẹ́ ará Èkó níbí."

Bàbá mi jáde nínú ṣòkòtò funfun tí wọ́n fi wọkọ̀ wá. N kò rí i rí kí wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀gá wọn òyìnbó gan-an, fìlà lásán ni wọ́n ń ṣí fún un. Wọ́n na gbalaja sínú ẹrẹ̀ níwájú opó náà.

"Ẹ jọ̀ọ́, ìyá. Ọmọ mi ni. Ọ̀ràn ọmọ, ọ̀ràn bàbá ni."

Ó bá mi lójijì débi pé ẹkún kọ̀, kò wá. Mo rò pé ayé ti parẹ́ nìyẹn.

Ìyá àgbà ní, "Àlejò lójú, kò fi ríran. Dìde, ọmọ mi." Wọ́n wá nàka sí mi. "Ìwọ tó sun àálè, ìwọ ni àálè báyìí. Jókòó ti ẹyìn mi títí n ó fi kó o tán."

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi jókòó síbẹ̀, àkísà pupa mìíràn lọ́rùn mi. Àwọn ọkùnrin ọjọ́sí ń kọjá, wọ́n ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀: "Àálè, o ti jẹun?" Lọ́jọ́ kẹta, ìyá àgbà gbé iṣu sísun wá fún àálè wọn. Orí ilẹ̀ yẹn la wà títí bàbá mi fi kú.

Èmi náà ti di ìyá àgbà l'Ẹdẹ. Lẹ́ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, ọmọ ọmọ mi fi kẹ̀kẹ́ fọ́ ìkòkò epo obìnrin tó múlé tì wá. Mo fi owó rán ènìyàn sí i. Ó gba owó náà, ṣùgbọ́n kò kí wa mọ́. Nígbà tí àwọn ará ilé bi mí ní ìdí tí n kò fi lọ bẹ̀ ẹ́ fúnra mi, mo ní orúnkún ń dùn mí.

Irọ́ ni. Orúnkún mi dá ṣáká. Bàbá mi ni àyà ń dùn lóòótọ́, àyà náà ni wọ́n sì fi lélẹ̀ nínú ẹrẹ̀ nítorí mi.