Ohùn Aránṣọ Lábẹ́ Ọ̀bẹ

Ọ̀bẹ kọ́ ló kọ́kọ́ dẹ́rù ba Ìyá Áltò. Ọ̀rọ̀ kan tí dókítà sọ bí ẹni ń ṣeré ni, pé iṣan ohùn gba ẹ̀gbẹ́ gẹ̀gẹ̀ tí wọ́n fẹ́ gé kúrò lọ́rùn rẹ̀ kọjá.

"Iṣan ọ̀hún ò nípọn ju òwú ìránṣọ lọ, mà. A ó ṣọ́ra gidi, ṣùgbọ́n mi ò lè búra fún yín."

Aránṣọ ni obìnrin náà. Ó mọ bí òwú ṣe ń já.

Ọgbọ̀n ọdún ló ti fi wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wọn. Ohùn kejì, èyí tí wọ́n ń pè ní áltò, ló ń kọ, orúkọ náà sì ti mọ́ ọn lára débi pé àwọn oníbàárà tí kì í dé ṣọ́ọ̀ṣì rárá ń pè é bẹ́ẹ̀. Bó bá ti jókòó ti ẹ̀rọ rẹ̀ láàárọ̀, orin mímọ́ àtijọ́ ni yóò máa kọ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Lọ́dún tí ọmọ rẹ̀ kejì kú, kò lè gbàdúrà, ọ̀rọ̀ kò wá. Orin nìkan ló lè jáde lẹ́nu rẹ̀, torí pé ẹlòmíì ti bá a to ọ̀rọ̀ yẹn kalẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Ibi tó máa ń sá sí nìyẹn. Wọ́n wá ní ibẹ̀ gan-an lọ̀bẹ fẹ́ gbà.

"Bí ohùn bá lọ, èmi náà á sinmi nínú ilé yìí," ni ọkọ rẹ̀, káfíńtà, wí. Òun nìkan ló rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ yọjú sí ìsọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ó bá a tó ń fá pákó kan ṣoṣo, ó ń fá a, ó ń fá a, pákó ọ̀hún ti tín bíi bébà. Kò bi í léèrè ohun tó fẹ́ fi ṣe.

Nígbà tí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ pé, ọkàn Ìyá Áltò kò lágbára tó láti gba oògùn tó ń múni sùn. Abẹ́rẹ́ tí yóò mú ọrùn kú ni wọ́n fún un, ojú rẹ̀ sì là kedere. Yàrá náà tutù. Wọ́n ta aṣọ bò ó lójú, kò wá rí nǹkan kan mọ́ àfi ìmọ́lẹ̀ tó ń là á kọjá.

"Mà, ẹ máa ka oókan, eéjì lọ," ni dókítà wí. "Bí ohùn yín bá yí padà, a ó mọ̀ pé a ti súnmọ́ iṣan náà jù. Ẹ má dákẹ́ o."

Ó kà á dé ẹẹ́fà. Nígbà náà ló gbọ́ tí nǹkan ń fà á lọ́rùn, kò dùn ún, ṣùgbọ́n ó ń fà, bí ìgbà téèyàn ń tú etí aṣọ. Oǹkà fò lọ lórí rẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń ka ìlù ọkàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sáré.

"Mà? Ẹ dá wa lóhùn!"

Ó wá àdúrà, kò rí. Ohùn kan kàn bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀, ó lọ sókè díẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀.

"Ṣé ó ń dùn yín ni?"

"Orin ni, dókítà," ni nọ́ọ̀sì tó dúró níbi orí rẹ̀ dáhùn. "Ohùn kejì ló ń kọ."

Nọ́ọ̀sì náà sì gbé ohùn òkè lé e, jẹ́jẹ́, láti abẹ́ ìbòmú rẹ̀. Orin wá pé. Ẹ̀rù kò lọ, ṣùgbọ́n Ìyá Áltò rí ibi di mú.

Ní ẹsẹ kẹta, ohùn rẹ̀ já. Atẹ́gùn lásán ló jáde.

"Ẹ dúró!" Dókítà kígbe mọ́ àwọn tó ń ràn án lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó mira. Ìyá Áltò la ẹnu, atẹ́gùn. Ó tún là á, atẹ́gùn. Omijé ń ṣàn lọ sí etí rẹ̀ méjèèjì. Ó ti parí, ló ń wí nínú ara rẹ̀, ó ti parí. Nọ́ọ̀sì nìkan ló ń kọrin lọ, ó ń fà á pẹ́, bí ẹni tó ń dúró de èrò ẹ̀yìn.

Nígbà tó tún la ẹnu, nǹkan kan han, tín-ín-rín, ó sì sán.

Dókítà mí kanlẹ̀. "Ibẹ̀ gan-an nìyẹn. A ó gba ibòmíì."

Ó pé oṣù mẹ́ta kó tó lè kọrin, ohùn tó sì padà wá rinlẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ. Ọ̀gá akọrin tẹ́tí sí i, ó họ orí.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ bá àwọn ọkùnrin jókòó."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, òun náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Ìsinmi, nígbà tí dùùrù bẹ̀rẹ̀, kò dá a lójú pé nǹkan kan máa jáde. Bàbá kan tó ń tún bàtà ṣe, tó jókòó tì í, sún ìwé orin rẹ̀ sọ́dọ̀ rẹ̀, ó sì fi ìka tọ́ ọ sí ìlà tí àwọn ọkùnrin fẹ́ kọ.